Ìyípo Tí Ó Fagi Lé

Alùpùpù tó ti kú ni ọkùnrin náà ń tì bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá ìdíje lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin tó ń fi aago ka àkókò eré níbẹ̀ kọ́kọ́ rí i. Òógùn bò ó, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọbìnrin náà bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kí òun jókòó máa sunkún ẹ́ńjìnnì ni? Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá ọmọbìnrin yìí ló ni ẹgbẹ́ eré alùpùpù tí ọkùnrin náà wà. Àwọn méjì ló ń gùn fún un. Àrá ni wọ́n ń pe èkíní: bó bá ki eré mọ́lẹ̀ ní ìyípo kan yí pápá ká, gbogbo pápá á dìde fún un. Èkejì ni ọkùnrin wa yìí, tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn sétí. Ó ní sárésáré tí kò lè yára, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ bùkátà ìyàwó?

Ìdíje àṣekágbá, tó jẹ́ ogún ìyípo, ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá máa mú lọ, ẹnì kejì á fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun fi eré àwọn méjèèjì wéra, kó gbé ìwé wá láàárọ̀.

Ogún ìyípo ìdánrawò ni ọmọbìnrin náà tò sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí dé ìgbà tí táyà ti jẹ. Ó wá rí i pé ìyípo tó yá jù nínú ti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ti sá a, ẹni yẹn ló ń bá a dí afẹ́fẹ́ tó ń dá èèyàn padà. Ó fagi lé e. Àṣé olólùfẹ́ rẹ̀ ti dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Èyí tó dáa jù nínú eré mi lo fagi lé yẹn."

"Kì í ṣe eré tìrẹ, ìfẹ́ mi."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Ọkùnrin náà jáde láìdágbére. Ó dun ọmọbìnrin náà dọ́kàn, ó sunkún, ṣùgbọ́n kò kọ ìyípo náà padà. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti purọ́ ọ̀hún, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Láàárọ̀, bàbá fi ìka tọ ìlà tí ọmọ rẹ̀ fagi lé. Òun náà ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyípo yẹn, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun á kà á mọ́ eré Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni; ká ní ó kà á, kò ní gba ìyókù ìwé náà gbọ́. Ó wá ka ìyókù. Àrá yá bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó fún ìyípo mẹ́wàá. Láti ìkọkànlá, sẹ́kọ́ńdù kan ló ń pàdánù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò yẹ̀: bó ṣe sá ìyípo kẹta náà ló ṣe sá èyí tó kẹ́yìn. Bàbá pa ìwé náà dé. Ó ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni òun ń mú lọ.

Ẹgbẹ́ mìíràn gba Àrá, ni àwọn méjèèjì bá tún pàdé ní ìdíje náà. Àrá ló ṣáájú títí táyà rẹ̀ fi jẹ. Ní ìyípo kẹtàdínlógún, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Òun ló gba ipò kìíní, igbe ayọ̀ sọ.

Kò tíì bọ́ akoto tán tó fi sáré wá bá ọmọbìnrin náà.

"Bàbá rẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ìyípo yẹn fún mi. Ẹni tó gbà mí là ni mo bínú sí. Foríjì mí."

Ó yíjú sí bàbá, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Bàbá dá a lóhùn:

"Ọmọ tí kò purọ́ fún mi torí rẹ, ṣé ó máa wá purọ́ pé òun fẹ́ràn rẹ? Mo fọwọ́ sí i."

Ọmọbìnrin náà ní àwọn méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bi òun. Ọkùnrin náà bá bi í, níwájú gbogbo mẹkáníìkì. Ó ní òun gbà, ó sì dì mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo eruku ara rẹ̀.