Ìjókòó Tó Bá Fèrèsé Mu

Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn iwájú ni wọ́n ti bá òkú Ọ̀gá. Ó dojú bolẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bàálù onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òun fúnra rẹ̀ ń bójú tó àtúnṣe inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ jẹun ọ̀sán ló padà wá bá a bẹ́ẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa nàka sí: àbúrò Ọ̀gá, ọmọ ìyá rẹ̀, ẹni tó ń ṣe àtẹ̀gùn náà gan-an.

Wọn ò ṣàdédé fura sí i. Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n sọ àtẹ̀gùn di tóóró, kí àyè lè wà láti to ìjókòó kún òkè. Àbúrò ní kò ṣeé ṣe, pé bí iná bá sọ nínú bàálù, èrò òkè á há sójú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú gbogbo ènìyàn, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ dín in kù o. Ẹ̀yin ni àtẹ̀gùn yìí máa kọ́kọ́ pa." Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, tí yóò rí òkú lọ́sàn-án, tí kò ní í so méjèèjì pọ̀?

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún ga débi pé àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá ti yanjú kí òun tó dé. Dókítà ti sọ fún un pé ẹnu irin ló la àtàrí olóògbé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju èyí tí áńkáṣíìfù kan lè nù tán lọ. Orí tó là bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀ kékeré. Ó dá a lójú pé ibòmíràn ni ọkùnrin yìí ti ṣubú.

Nígbà tó padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ti wà lórí bẹ́ńṣì. Ọkùnrin kan jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òun ni wọ́n ń pè ní Ayàwòrán, ẹni tó ń ya bí wọn yóò ṣe to inú bàálù. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lòun àti Ọ̀gá ti jẹ́ ọ̀rẹ́. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú, ìyá yìí ló gbà á sílé, tó ń bu oúnjẹ fún un pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ìyá náà gbójú sókè wo Agùntáṣọọ́lò. Kò sunkún. "Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n wà ní mọ́ṣúárì, àbúrò wà lẹ́yìn irin yìí. Wọ́n ní ọ̀la lẹ máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ òun ló ṣe é, ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sin ọ̀kan kí n tún pàdánù èkejì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Agùntáṣọọ́lò lákínyẹmí ara. Kò ṣèlérí kankan. Ó wọlé lọ bá àbúrò.

"Níbo lo wà nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun?"

"Ibi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Mò ń lọ irin. Kò sẹ́ni tó rí mi."

"O ní àtẹ̀gùn máa pa á."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ènìyàn méjì péré ló tún wà nínú bàálù ní àsìkò náà. Ọ̀kan ni ìyá àgbàlagbà tó ń rán aṣọ ìjókòó, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a gbé ìdì aṣọ. Ó ní ìsàlẹ̀ lòun wà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí kò jẹ́ kí òun rí àtẹ̀gùn, òun kò gbọ́ ariwo ìjà, ṣùgbọ́n òun gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ gbàrà lókè orí òun. Òun rò pé Ọ̀gá ló tún ń wọn àyè kiri, torí àyè ni ọkùnrin náà ń jẹ, àyè ló ń mu. Ìyá yìí kan náà ló sọ fún Agùntáṣọọ́lò bí òkè bàálù ṣe rí tẹ́lẹ̀. Pálọ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó gbọọrọ tó ká roboto àti káńtà tí èrò lè dúró tì kí wọ́n na ẹsẹ̀ tó ti wú. Ayàwòrán ló yà á, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ìjókòó èrò dí i. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ Ayàwòrán kò wọlé, ó ní ó kéré tán, kí ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan bá fèrèsé kan mu, kí ẹni tó sanwó má baà wo ògiri dé ibi tó ń lọ. Èyí náà Ọ̀gá kọ̀, torí bàálù ti bá fèrèsé tirẹ̀ wá, ẹni tó bá sì ń tẹ̀ lé fèrèsé kò ní í rí ìjókòó púpọ̀ tò.

Ẹnì kejì ni Ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù nígbà tí Agùntáṣọọ́lò bi í léèrè. Ó ní ìdí bàálù, nísàlẹ̀, lòun ti jẹun, òun kò sì tẹ àtẹ̀gùn kankan ní gbogbo ọjọ́ náà.

"Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n àbúrò wa kì í ṣe apààyàn, Ìnsípẹ́kítọ̀. Màmá ló ń ṣe mí láàánú."

Agùntáṣọọ́lò padà sínú bàálù, ó gun òkè. Ìsàlẹ̀ fẹ̀ bí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n lókè, ògiri tẹ̀ wọnú lápá méjèèjì, kò sì jẹ́ kí ẹni gígùn nàró lẹ́bàá fèrèsé. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn títí dé iwájú, kò rí nǹkan kan. Ó rẹ̀ ẹ́, ó bá jókòó. Orúnkún rẹ̀ gbá ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Ó bọ́ sí ìlà mìíràn, orúnkún tún gbá a. Kò yà á lẹ́nu, ẹni tó ń to bàálù kì í ro ti irú òun.

Ó dé ìlà kejì sí orí àtẹ̀gùn iwájú, lápá ọ̀tún. Ó jókòó, orúnkún rẹ̀ kò kan ohunkóhun. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí olówó. Ó wo apá òsì: bí àwọn ìlà ẹ̀yìn ṣe há ni ìlà iwájú níbẹ̀ ṣe há. Ẹnì kan ti ti ìlà àkọ́kọ́ apá ọ̀tún síwájú. Ó dìde, ó lọ jókòó síbẹ̀. Apá ìjókòó náà ti yọ sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ó yíjú, ọ̀run funfun ló rí. Nínú gbogbo ìlà tó ti jókòó sí, èyí nìkan ni fèrèsé rẹ̀ wà déédéé èjìká ènìyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gbé àbúrò lọ sílé ẹjọ́, Agùntáṣọọ́lò kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí òkè bàálù. Ó tú ọwọ́ àbúrò sílẹ̀.

"Dá ìlà iwájú yìí padà sí àyè rẹ̀."

Àbúrò wo ìjókòó náà. "Ta ló tì í dí ẹnu àtẹ̀gùn?" Ó kúnlẹ̀, ó tú ìdè ẹsẹ̀ ìjókòó, ó tì í sẹ́yìn lórí ojú irin tó wà nínú ilẹ̀. Ó wọ́ gbàrà. Ìyá aránṣọ ní ìró tí òun gbọ́ nìyẹn. Ibi tí ìjókòó ti kúrò dúdú, ó sì le kankan. Wọ́n ti nù ún, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ti mu ẹ̀jẹ̀ náà yó.

Agùntáṣọọ́lò nàka sí i.

"Ibí ni Ọ̀gá ṣubú sí. Irin ọwọ́ ìjókòó tí wọn ò tíì fi aṣọ bò ló la orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò kán sójú àtẹ̀gùn, torí ẹni tó ṣe é fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ìjókòó tuntun wé orí náà, ó wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé àtẹ̀gùn ló gbé e ṣubú. Ó padà wá nu ilẹ̀, kò mọ́, ló bá fi ìjókòó bò ó. Ìyá aránṣọ kò lè wọ́ òkú, kò sì lè ti ìjókòó. Àbúrò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí kí ẹnu àtẹ̀gùn má baà há. Ṣé òun náà ni yóò fi ìjókòó dí i? Bí wọ́n bá sún un díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yìí ti bò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tì í kò dúró níbẹ̀. Ó ń tì í lọ títí tó fi bá fèrèsé mu." Ó yíjú sí Ayàwòrán. "Ta ló ń bá Ọ̀gá jà nítorí fèrèsé?"

Ayàwòrán kò sá, kò sì jiyàn. Ó ń wo fèrèsé náà.

"Mi ò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀," ló sọ. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá fẹ́ wo ìta kó gba ojú títì lọ. Mo tì í. Ìtì lásán ni. Ó ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Kò tíì kú. Dókítà ní ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́. Nígbà tí o fi ń nu ilẹ̀, tí o fi ń ti ìjókòó, ó ṣì ń mí nísàlẹ̀ níbẹ̀."

Ayàwòrán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó béèrè ta ni yóò sọ fún Màmá.

"Ìwọ ni," Agùntáṣọọ́lò dá a lóhùn.

Ìyá náà ṣì wà lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó rí àbúrò láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó dìde, ó bú sẹ́kún fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rí ọwọ́ ẹni tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà. Ayàwòrán kúnlẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe. Ìyá tẹ́tí sí i dópin.

"Lánàá, ìwọ lo di ọwọ́ mi mú," ló sọ.

Àbúrò ni kò lè mú un mọ́ra. Ó fò síwájú, ó na ìkúùkù. Àwọn ọlọ́pàá kò tíì sún nígbà tí ìyá rẹ̀ ti di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, tó sì fà á padà.

"Má fọwọ́ kàn án. Wọ́n á tún tì ọ́ mọ́lé. Ìwọ nìkan ló kù fún mi."

Wọ́n mú Ayàwòrán kọjá níwájú wọn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì lọ. Ìyá kò jọ̀wọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò rọra sọ fún un pé ó ti parí, pé wọ́n lè máa lọ sílé. Ó mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tú.