Ọmọ Eléwé àti Ọbẹ̀ Adìẹ

Adìẹ náà nà gbalaja sórí pátákó, Ọmọ́ṣaléwá sì dúró tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn. Wọ́n ti tu gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó la ikùn rẹ̀, kí ó kó ìfun jáde, kí ó sì gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti gbé ìkòkò kaná, ata ti ń hó lórí sítóòfù wọn. Òun nìkan ló ṣì ń wo ẹran tí ẹran ń wò ó.

Fàúsátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ti Navy Town wá sílé-ìwé, bi í láti tábìlì kejì bóyá ó mọ adìẹ kun. Ó dáhùn pé ta ni kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ọmọ́ṣaléwá, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko, ẹran kankan kò wọ ìkòkò ilé wọn rí, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹja pàápàá kì í yà síbẹ̀.

Ìba ni wọ́n ń gbé. Oyèkànmí, bàbá rẹ̀, ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, sì ń ránṣọ. Ohun tí ilẹ̀ bá mú wá lásìkò ni wọ́n ń jẹ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n á jẹ àgbàdo tútù, wọ̀rọ̀wọ̀ àti ẹ̀bọ̀lọ̀, wọ́n á sì wá olú lọ sí ìdí ọ̀pẹ tó ti wó. Bí ọyẹ́ bá dé, ó di àsìkò àgbálùmọ̀ àti ẹ̀wà. Ẹni tó bá bi Àwẹ̀ró léèrè ẹ̀bọ̀lọ̀ ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, á ní kí onítọ̀hún lọ bi òjò.

Wọn kì í sì í jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí wọ́n bá ti bu oúnjẹ tán, wọ́n á pa rédíò, Oyèkànmí á bi ọmọ kan pé ta ló gbin ohun tó wà nínú abọ́ rẹ̀, ta ló sì já a. Ọmọ náà á dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òkèlè. Kí a má tan ara wa, kò sí ilé tó dùn ún jẹun bíi tiwọn ní gbogbo àdúgbò yẹn. Àlejò tó bá jẹ ẹ̀bọ̀lọ̀ ẹlẹ́gùúsí Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan, kò ní pẹ́ tí á fi tún wá béèrè bóyá àwọn ará ilé jí ire.

Àmọ́ ohun tó dùn lẹ́nu àlejò lè máa ti ọmọ onílé lójú. Alápatà ni Oyèkànmí kó tó di àgbẹ̀, àwọn aládùúgbò sì mọ̀. Òwe àwọn àgbà ni pé ọmọ alápatà kì í jẹ eegun. Wọ́n á wá fi rẹ́rìn-ín pé ní ilé Oyèkànmí, eegun gan-an ò sí. Ní ilé-ìwé tó wà ní Òkòkòmáíkò, Ọmọ Eléwé ni wọ́n ń pe Ṣaléwá. Bó bá ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ẹnì kan á ké "mẹ̀ẹ́" bí ewúrẹ́, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé ọkàn. Ó ti bi bàbá rẹ̀ léèrè rí pé kí ló dé tí àwọn kì í jẹ ẹran. Bàbá ní bó bá dàgbà, òun á sọ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Ìyáàfin Adétòkunbọ̀, olùkọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, fún wọn níṣẹ́. Ó ní ní ọjọ́ Ẹtì, kí kálukú wá se oúnjẹ tí ilé rẹ̀ máa ń jẹ ní àsìkò òjò, àwọn òbí á sì wá wò ó. Ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ kò ní fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ìdánwò WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn ọdún 1992. Àyà Ṣaléwá já. Iṣẹ́ tó wù ú láyé ni kó máa ṣètò oúnjẹ fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù, láìsí ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀nà ti dí.

Bí a bá wá a títí nínú kíláàsì yẹn, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ náà bá mu bíi tirẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì kì í rí oore tó dúró níwájú rẹ̀. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìẹ ló kọ sórí páálí tó máa gbé síwájú oúnjẹ rẹ̀. Nílé, ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé olùkọ́ ló máa pèsè èlò, pé wọn kò pe òbí kankan. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Kíkẹ́lọmọ lọ ní Àjàngbádì. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ó ń sin adìẹ, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ fún un ní ọ̀kan. Ó bá a pa á, ó bá a tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní kí òun bá a kun ún, Ṣaléwá ní rárá, pé níwájú olùkọ́ làwọn á ti kun ún.

Òun rèé níwájú olùkọ́ báyìí. Ó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó fọwọ́ fa ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó ṣe ń fa ẹ̀dọ̀ ni nǹkan kan bẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀, omi aláwọ̀ ewé sì ṣàn sí ara ẹran náà. Ẹlòmíràn ì bá ti figbe ta. Ṣaléwá kò figbe ta ní tirẹ̀. Ọmọ tó ti ń jẹ ewé láti kékeré, ó rò pé ewé tí adìẹ náà jẹ kó tó kú ni. Ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, pé adìẹ náà àti òun jọ ń jẹ ohun kan náà. Ó da omi lé e lẹ́ẹ̀kan, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, àti ẹran àti ẹ̀dọ̀.

Ọbẹ̀ hó, òórùn rẹ̀ sì dára bíi ti àwọn yòókù. Ìyáàfin Adétòkunbọ̀ ti sọ fún wọn láìmọye ìgbà pé ẹni tó sebẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò, oríire ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ṣaléwá gbé ṣíbí dé ètè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀fun rẹ̀ kọ̀. Níkẹyìn, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì bu ìrẹsì sínú abọ́ dáadáa.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti Ṣaléwá kò tilẹ̀ pé ọjọ́ méje. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Kíkẹ́lọmọ yà ní àkùrọ̀ láti ra ẹ̀fọ́, ó sì ń fi ọmọ yangàn níwájú bàbá rẹ̀, pé òní ni Ṣaléwá máa fi adìẹ òun dá wọn lára yá nílé-ìwé, níwájú gbogbo òbí. Oyèkànmí gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà Òkòkòmáíkò pọ̀n.

Àfi bí Ṣaléwá ṣe gbójú sókè tó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ àkùrọ̀ ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá rìn wá sí ìdí tábìlì náà, ó tẹjú mọ́ páálí, ó sì kà á díẹ̀díẹ̀: *Oúnjẹ ilé wa ní àsìkò òjò: ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìẹ.* Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣaléwá ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ibẹ̀ ni olùkọ́ àti igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé dé. Igbákejì ọ̀gá bu ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó yára fi aṣọ ìnujú bo ẹnu. Olùkọ́ náà tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Fàúsátù, tí kì í gbẹ́yìn níbi tí nǹkan bá ti ń ṣẹlẹ̀, fi ìka kan kàn án, ó lá a, ó sì ní ó korò ju jogbo lọ. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ké "mẹ̀ẹ́" láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ́ṣaléwá," olùkọ́ wí, "ṣé ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ nílé yín nìyí?"

Oyèkànmí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Òróòro adìẹ ló bẹ́ sí i. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alápatà, n ò sì kọ́ ọmọ mi níbi tí òróòro wà. Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tú àṣírí ọmọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀bi tó tọ́ sí i, ó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ṣaléwá wò ó bó ṣe tẹrí ba níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn nítorí òun, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá fẹ́ dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀.

"Rárá, mà," ó wí. "Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. A kì í jẹ ẹran nílé wa. Ojú ló ń tì mí."

Ìyáàfin Adétòkunbọ̀ mú bírò, ó kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe nítorí ọbẹ̀ tó korò, nítorí àgbà náà ń ṣì í sè, bí kò ṣe nítorí irọ́ àti nítorí pé ó gbé ohun tí kò tọ́ wò fún èèyàn jẹ. Ó ní kó padà wá ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ wá se òmíràn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó dùn tó, máàkì àṣeyege lásán ni á gbà, kò ní fi ẹyọ kan lé e. Oyèkànmí kò bẹ̀bẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́.

Bàbá àti ọmọ jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìba kí Ṣaléwá tó lè la ẹnu.

"Bàbá, ṣé inú ń bí yín?"

"Inú bí mi, Àbẹ̀kẹ́." Oríkì rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ pè é yẹn, ó sì mú kí ó tún sunkún. "Ṣùgbọ́n èmi náà ṣẹ̀ ọ́. Mo ní kí o máa mọ ìdí ohun tí ò ń jẹ, mo wá fi ìdí ohun tí o kì í jẹ pamọ́ fún ọ. Ohun tí ọmọ ò mọ ìdí ẹ̀, báwo ni ò ṣe ní tì í lójú?"

Ó wá sọ fún un. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun pa abo màlúù kan gẹ́gẹ́ bí òun ti ń pa wọ́n lójoojúmọ́. Nígbà tí òun la ikùn rẹ̀, òun bá ọmọ níbẹ̀, ó ti gún régé, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bí i. Ọmọ náà mira lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ òun, kò sì tún mira mọ́. Oyún Ṣaléwá gan-an ló wà nínú Àwẹ̀ró nígbà náà. Òun fọ ọ̀bẹ, òun fà á lé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun lọ́wọ́, òun sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, òkèlè ẹran kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun mọ́. Àwẹ̀ró ní ohun tí ọkọ òun ò bá lè jẹ, òun ò ní sè é.

"N ò sọ pé ẹni tó ń jẹ ẹran ṣẹ̀ o," ó fi kún un. "Kálukú ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ohun tí ojú tèmi rí nìyẹn."

Gbogbo ìgbà tí Ṣaléwá fi ń sá fún oúnjẹ ilé wọn, ó rò pé àìní tàbí àgídí ni. Kò mọ̀ pé àánú ni bàbá rẹ̀ ń bù sí abọ́ àwọn lójoojúmọ́. Ìwúrí kan tí kò ní rí sọ jí nínú ọkàn rẹ̀, pé ọmọ irú ọkùnrin yìí ni òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì kejì, ó gún iyán iṣu tuntun, ó fi ẹ̀gúsí àti olú se ẹ̀bọ̀lọ̀, ó tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, ó sì sọ fún àwọn tó bi í léèrè ìdí tí kò fi sí ẹran níbẹ̀. Igbákejì ọ̀gá jẹ ẹ́, ó fi ìka nu abọ́. Síbẹ̀, ogójì máàkì àṣeyege lásán ni olùkọ́ fún un, èyí tó kéré jù lọ ní kíláàsì. Fàúsátù ní kó lọ bẹ olùkọ́ kó bù sí i. Ṣaléwá ní rárá, pé iye irọ́ òun ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ kì í pa èèyàn, irọ́ tí a bá pa nítorí rẹ̀ ló ń kó bá ni. Bí ohun kan nílé yín bá ń tì yín lójú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bí yín. Ẹni tó bá ń sá fún ilé rẹ̀ láìmọ ìdí, ó lè jẹ́ iyì ara rẹ̀ ló ń sá fún.