Ohùn Òkè Tí Kò Fẹ́ Sọ̀kalẹ̀

Súmbọ̀ ti yọ kilarinẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu tán kí ohùn náà tó dákẹ́. Ó wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkòsí, ó ní bóyá páànù ló ń dá a padà. Ọ̀sán Sátidé ni, lọ́dún 2004, ẹgbẹ́ onífèrè ń ṣe ìdánrawò nítorí ọ̀la ni ìkórè.

Bàbá Ògúntúndé tó ti di olóògbé ló ni kilarinẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, òun ló sì ń fọn ọ́n nínú ẹgbẹ́ onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lé Súmbọ̀ lọ́wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dùn bí oyin, àmọ́ bó bá ti kan ohùn òkè, á ga ju ti àwọn yòókù lọ, á máa gún ni létí. Àwọn alàgbà ní baba ò fẹ́ kí obìnrin fọn fèrè òun ni. Wọ́n sì ti fẹnu kò: bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, wọn á lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ẹni tó ni ín.

Inú bí Súmbọ̀. Ohun tó fi ètè wíwú kọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ sin yẹn? Kò sí ohun tí kò ṣe tán. Ó fa ọrùn fèrè náà jáde díẹ̀ kí ohùn lè wálẹ̀. Ó pààrọ̀ rídì, esùsú pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dẹ ètè kí eyín má baà fún un jù, ó tiẹ̀ fi ìka kan kún èyí tó ń dí ihò ìsàlẹ̀. Ohùn á wálẹ̀ díẹ̀, á tún gòkè bí ẹni tí wọ́n fà lápá.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ohùn yẹn lórí kíbọ́ọ̀dù," ó wí fún Akínbíyì, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà.

Akínbíyì tẹ̀ ẹ́. Súmbọ̀ fọn. Ohùn méjì ló jáde: ọ̀kan bá kíbọ́ọ̀dù mu rẹ́gí, èkejì gun orí rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Èkejì ò dáwọ́ dúró. Òórùn áṣáà gba ibẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń fín áṣáà láàárín wọn mọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti kú.

Onílù ńlá sá jáde. Akínbíyì ká ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

"Gbé e sílẹ̀, Súmbọ̀," ó rọra wí. "Bí wọ́n ṣe máa ń fọn ọ́n nìyẹn."

"Bí ta ni ṣe máa ń fọn ọ́n?"

"Bàbá. Wọ́n ti ń ga jù láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ta ló máa sọ fún irú àgbàlagbà yẹn pé ohùn wọn ò bá tiwa mu? Àwa la máa ń gbé tiwa gòkè lọ bá wọn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán la tó sọ tiwa kalẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan! Òtítọ́ korò, wọn ò lè sọ ọ́ lójú ayé baba, wọ́n wá gbé ẹ̀bi ru obìnrin. Ẹ̀rù ba Súmbọ̀, àmọ́ ìbínú rẹ̀ jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n kò tẹrí ba.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Ẹ má bínú, ẹ ti ga jù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀kalẹ̀. Èmi ò ní gòkè, mi ò sì ní gbé fèrè yìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbé e sẹ́nu, ó fọn ohùn òkè náà láìmikàn. Èkejì ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí méjèèjì fi di ọ̀kan. Súmbọ̀ fọn ún títí èémí rẹ̀ fi tán. Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́.

Lórí àga òfìfo tí Bàbá máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan wúkọ́.

"Akínbíyì," ohùn àgbà kan wí. "Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, o sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi?"

Akínbíyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, àmọ́ àga náà ti dún, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti ń dìde.