Aṣọ Tí Nurat Fi Sáré

Ìkùukùu ṣì bo etí òkun Badagry nígbà tí Sirajudeen kọ́kọ́ rí i: ọmọbìnrin kan ń sáré bọ̀ lórí yanrìn tútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká hìjáàbù gígùn rẹ̀ mọ́ àyà kó má baà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Sirajudeen, télọ̀ tó wá láti Ajara láti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa àwọ̀n, gbàgbé okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ti kó sí i lórí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

"Arábìnrin, ta ló ń lé ọ?"

"Aṣọ mi ni," ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mò ń sá fún un, ó ń dì mọ́ mi."

Nurat lorúkọ rẹ̀. Ó ń múra fún eré ìje kìlómítà méjìlélógójì tí wọ́n máa sá ní Èkó. Alàájì Sùlàímọ́nù, bàbá rẹ̀, ti ní bí ara rẹ̀ bá hàn síta, tàbí bí kò bá sá a délẹ̀, kò ní sáré mọ́ láyé.

Sirajudeen ní kó fi ọ̀rọ̀ aṣọ sílẹ̀ fún òun. Ìyá Nurat ló wọ̀n ọ́n, Sirajudeen ló rán an: ṣòkòtò tó dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, hìjáàbù kékeré tí afẹ́fẹ́ kò lè gbé. Láràárọ̀ ló ń gbé omi dúró dè é lábẹ́ igi àgbọn, tí òkun ń hó yẹ́ẹ́, tí ojú ọ̀run ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

"Rọra o, olówó orí mi," á ní. "Ọ̀nà jìn."

"Ta ni olówó orí ẹ? Ṣé obìnrin ló ń sanwó orí?" Nurat á sì sá lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lọ́sẹ̀ kẹta, kò wá mọ́. Sirajudeen lọ sílé wọn, Nurat ní eré ti sú òun. Irọ́ ni. Ojú ibi tí wọ́n ti rán ṣòkòtò náà pọ̀ ti bó o nítan. Báwo ni yóò ṣe sọ ìyẹn fún ọkùnrin? Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ wọlé, télọ̀ ti fura.

Ó rán irú ṣòkòtò kan náà fún ara rẹ̀, ó sì fi sáré láti Ajara dé Mowo, lọ-bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó padà dé ilé Nurat, ó ń ya ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún.

"Kí ló ṣe ọ́?" Alàájì bi í láti iwájú ilé.

"Àṣìṣe mi ni, sà. Mo ti rí ohun tí ojú ọmọ yín rí."

Alàájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn fèrèsé, omi ń bọ́ lójú Nurat náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Sirajudeen tú ṣòkòtò Nurat, ó yí ojú rírán rẹ̀ kúrò nínú itan, ó fi ìgò òrí kan tì í kó máa fi pa itan. Nurat padà sí etí òkun.

Lọ́jọ́ eré, nígbà tó ku kìlómítà márùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ń wọ́ ọ, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, kò dúró. Ó sá a délẹ̀, aṣọ rẹ̀ pé lára rẹ̀.

Níbẹ̀ gan-an, láàárín èrò, Sirajudeen dọ̀bálẹ̀ fún Alàájì tó wá dúró de ọmọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní Nurat."

"Òun ni kó o bi."

Nurat na ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná." Ó mí kanlẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ náà. "Ọjọ́ wo ni yìgì?"