Ẹ̀mú Fádèyí

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó gba ọ̀nà Ìjàgbò, kó bèèrè ilé arọ Fádèyí alágbẹ̀dẹ. Àlàpà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Tíṣà Olúyẹmí ló fẹ́ mọ bí ooru ṣe ń rìn nínú iyọ̀ tí iná ti yọ́ bí omi. Ìwádìí yẹn ló kù kó fi gboyè. Iléèwé rẹ̀ ò ní iná tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ló bá lọ bẹ Fádèyí. Wọ́n á yọ́ iyọ̀ nínú ìkòkò irin, Tíṣà á ki wáyà méjì bọ̀ ọ́. Ọ̀kan ń fún iyọ̀ ní ooru. Bí ooru náà bá dé ọ̀dọ̀ èkejì, abẹ́rẹ́ ojú mítà tó so mọ́ ọn á gòkè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí omi má kan iyọ̀ yìí o. Á bú gbàù.”

“Mo ti gbọ́, Tíṣà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ò gbọ́. Láti kékeré ló ti ń ri ẹ̀mú tó fi ń di irin mú bọ omi bó bá ti gbóná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkòkò fẹ́ yẹ̀ lórí iná. Fádèyí ri ẹ̀mú bọ omi, ṣùù, ó sáré nà án sí ìkòkò. Iyọ̀ bú sí i lójú. Awọ ojú rẹ̀ bó wálẹ̀. Ó ké títí ohùn fi tán. Kò rí alẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tíṣà padà wá. Ifáníkẹ́, opó Fádèyí, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má wọlé, Tíṣà. A ò tíì fi omi tútù tu ojú arọ.”

“Màmá, ìwọ̀n kan péré ló kù.”

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó wọlé.

Eérú ti tutù. Iyọ̀ ti dì, ó le bí òkúta, wáyà méjèèjì há sínú rẹ̀. Ó so wọ́n mọ́ mítà kó tó dáná. Abẹ́rẹ́ gòkè.

Ó fọwọ́ kan ìkòkò. Ó tutù. Ẹ̀rù bà á gidigidi, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára abẹ́rẹ́. Ìwọ̀n tó ń wá nìyẹn. Ìta dákẹ́ rọ́rọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, níbi omi: ṣùù.

“Bàbá?”

Ẹ̀mú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó mú un. Omi ń kán lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, omi! Omi wà níbẹ̀!”

Ifáníkẹ́ gbọ́ gbàù níta. Ó sáré wọlé, ó bá Tíṣà nílẹ̀ tó ń fi èékánná họ iyọ̀ gbígbóná kúrò níbi tí ojú rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ inú ìkòkò pé, ó funfun, ó tutù. Ẹ̀mú wà lára ògiri, ó gbẹ.

Tíṣà ò kú. Ó fọ́jú. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo ẹni tó bá kí i:

“Ibo ni abẹ́rẹ́ yẹn dé?”

Ifáníkẹ́ nìkan ló rí ibi tó dé. Kò tíì sọ fún ẹnì kankan.