A Kì Í Dá Igbá Olóore Padà Lófìfo

Odi ìlú Etí-Ìgbì ń kú, kò sì kú jẹ́ẹ́. Ṣé ẹ mọ bí igi gbígbẹ ṣe ń ta páú nínú iná? Bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò ń já lábẹ́ omi, tí gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ.

Odi yìí kì í ṣe bíríkì o. Igi ni. Láyé tí à ń sọ yìí, òkun ti jẹ ilẹ̀ wọlé dé ibi táwọn baba ńlá wọn ń pè ní ọ̀nà oko. Sìmẹ́ǹtì ò dá a dúró, òkúta ò dá a dúró. Làwọn onímọ̀ bá mú igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ omi iyọ̀ tí gbogbo ará etíkun mọ̀, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pò, ó di igi-odi. Gbòǹgbò ẹ̀ á so mọ́ra bí ẹní tí wọ́n hun. Á mu omi iyọ̀, á sì sun omi tútù sínú kèrègbè tó ń so lára ẹ̀, kí ìlú rí mu. Òun ni odi, òun náà ni kànga.

Ta ló rà á? Ìlú kan ò lè dá a rà láéláé. Àwọn olówó ilẹ̀ òkè mú tiwọn wá, àwọn iléeṣẹ́ mú tiwọn wá, àwọn ìlú etíkun mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ di Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Kan-Ò-Gbẹ́rù-Dórí. Ọ̀gbìn igi-odi kì í wọ àpò. Inú igbá ẹlẹ́mìí ló ń gbé, igbá ràgàjì tó ń mí, tí awọ ẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ ọwọ́, tó ń fún ọ̀gbìn lóúnjẹ lójú ọ̀nà. Ó ṣòro láti ṣe, kò pọ̀. Bí ìlú kan bá gbin tiẹ̀ tán, á dá igbá padà, igbá á kọjá sí ìlú tó kàn. Bí àáró lóko.

Nígbà tí odi wá ń kú yìí, àwọn kan ti fẹ́ kó lọ. Àyọ̀ká ló dá wọn dúró. Òun ni ìlú fi ń ná ọjà tó bá le. "Ẹ jókòó," ó ní. "Mà á gba odi tuntun wá kí òṣùpá tó kún." Torí bí òṣùpá bá kún, òkun á wú, bí òkun bá sì wú láìsí odi, ó parí.

Òṣùpá ti fẹ́ kún nígbà tí Dókítà Títóyè, onímọ̀ ẹgbẹ́ náà, fi ọkọ̀-àṣá balẹ̀ sórí iyanrìn. Omi mímu ló gbé wá nínú igbá ẹlẹ́mìí kan, torí kèrègbè ara igi ti gbẹ. Àwọn èèyàn du omi yẹn bí ẹní du ẹran.

"Dókítà, ẹ kú ewu òfúrufú," Baálẹ̀ Ẹgbẹ́yẹmí kí i. "Omi dáa. Odi ńkọ́?"

"Kò sí ọ̀gbìn mọ́, bàbá."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. "Kò sí ni gbogbo ọlọ́jà ń kọ́kọ́ wí. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù."

"Màmá, kò sí."

"Ó dáa, ẹ má fún wa ní gbogbo ẹ̀. Ìdajì."

"Màmá..."

"Ká fi dí iwájú ilé ìwòsàn nìkan. Àbí ẹyọ kan! Àwa la máa tọ́ ọ dàgbà."

Baálẹ̀ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ẹ̀yin onímọ̀! Ẹ ní ká má gé ẹ̀gbà àtijọ́, a ò gé e. Ẹ ní ká má fi àwọ̀n há ẹja kékeré, ebi pa wá, a ò há a. Kí la ṣẹ̀ yín?"

Àyọ̀ká ń wo ojú Dókítà. Ọlọ́jà tó bá bínú, ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó bá ń ṣàwàdà, ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló lé sójú eléyìí, Àyọ̀ká sì mọ̀ pé kò sí ọjà.

"Ẹ wọkọ̀, màmá," Dókítà wí. "Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Wọ́n gbéra. Òkè-Iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kàn: odi ẹ̀ ti funfun báláú, àwọn èèyàn jókòó sórí páànù, wọ́n ń fi aṣọ juwọ́ sí wọn. Ìlú tó tẹ̀ lé e, òrùlé nìkan ló ṣẹ́ kù. Èyí tó kàn, Àyọ̀ká ò rí ìlú kankan, omi ló rí.

"Kòkòrò kan ni," Dókítà wí. "Inú ẹrẹ̀ tiyín ló ń gbé látọjọ́ aláyé. Kò lè ṣe ẹ̀gbà àtijọ́ ní nǹkan kan. Ó wọnú igbá ẹlẹ́mìí, ó bá oúnjẹ ọ̀gbìn níbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó yí padà. Igbá ló gbé e káàkiri, igbá náà ló gbé e padà wá bá yín. Màmá, báwo lẹ ṣe ń dá igbá padà?"

"A máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Lófìfo?"

Àyọ̀ká wò ó bíi pé ó bú òun. "Ṣé ọmọ àlè ni wá ni? Igbá olóore? Akàn ààyè la máa ń kó sí i, tó tóbi dáadáa, a ó fi ẹrẹ̀ tútù tẹ́ ẹ kó má kú lọ́nà. Gbogbo ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Òkè-Iyọ̀ ń kó ìsáwùrú sí i."

"Mo sọ fún yín pé lófìfo!"

"Ẹ sọ. Olóore wo ló ń fúnni lóúnjẹ tí kì í sọ pé ẹ má ṣèyọnu? Ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ̀tọ́ wa ni ká má gbà. Ẹ ò sọ pé ikú wà níbẹ̀."

"A ò mọ̀."

"Akàn yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ dà á nù ni?"

Dókítà gbójú sílẹ̀. "A sè é. Ó dùn."

Dókítà nu ojú. "Igbá kan ló kù tí kòkòrò ò tíì débẹ̀. Lára awọ ẹ̀ la ti lè tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba ọdún, ṣùgbọ́n a lè bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e kiri, n kì í fi sílẹ̀. Òun ni mo fi gbé omi wá lónìí, torí kò sí nǹkan míì tó lè gbà á."

Àyọ̀ká dìde lórí ìjókòó. "Èyí tẹ́ ẹ fi síwájú Baálẹ̀?"

Dókítà yíjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, igbá ò sí níbẹ̀.

"Ẹ yí ọkọ̀ padà! Ẹ sáré!"

Ọkọ̀-àṣá fò débi pé gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Àyọ̀ká ti ń pariwo kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kan iyanrìn: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Ṣùgbọ́n ìlú ti tò. Wọ́n ti da omi sínú ìkòkò, wọ́n ti fọ igbá. Ìyàwó Baálẹ̀ rọra gbé e bọ̀ lórí, ó wọṣọ àtàtà. Àwọn akàn ń rákò nínú ẹrẹ̀ tútù. Oúnjẹ ìkẹyìn tó kù nílùú nìyẹn, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò.

"Odi lè má sí," Baálẹ̀ wí, orí ẹ̀ wú, "ṣùgbọ́n ìlú yìí ò tíì ya ahun. Ẹ gbà, ọmọ mi. Ẹ bá wa kí àwọn olóore."

Lára igbá, níbi tí ẹrẹ̀ ti kan awọ, ó ti ń funfun. Kò mí dáadáa mọ́.

Dókítà Títóyè wo igbá. Ó wo àwọn èèyàn tí ètè wọn bó. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé, bàbá," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Inú Baálẹ̀ dùn. Ó kọjú sí Àyọ̀ká. "Ìwọ tó o bá wọn lọ, o ti ná an? Ọjọ́ wo ni odi ń bọ̀?"

Lẹ́yìn wọn, gbòǹgbò kan ta páú nínú omi, òmíràn dá a lóhùn. Àyọ̀ká wo àwọn tó pọn ọmọ sẹ́yìn, àwọn tó ti fẹ́ kó lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ní kí wọ́n lọ di ẹrù."