Sùtánà Magdalene Lórí Àtẹ̀gùn

"Ìyá tó bí ẹ jáde látọ̀run wá bá ẹ sọ̀rọ̀, o ṣì ń ṣe agídí! Ọbanijésù, ṣé kí wọ́n gbé pàṣán wá kí o tó sign ni?"

Sẹ̀gilọlá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ nínú kíṣìnì ilé wọn ní Peckham, tí àwọn ará ilé kejì fi ń gbá ògiri. Ìwé kan wà níwájú ọkọ náà lórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ibojì. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, òun kò sì mọ̀.

"Mo ti ṣèlérí fún Mummy," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Orí bed hospital ni wọ́n ti di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi Daddy sílẹ̀ láé."

"Mummy yẹn náà ló ti wá yí i padà! Àbí irọ́ lo pa fún wa? Uncle Kóyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀!"

Kóyọ̀dé, àbúrò Ọbanijésù, fara ti fíríìjì, ó ń mi orí bí alàgbà ìjọ. "Èmi ò fẹ́ dá sí i o, ìyàwó wa. But Brother, ẹ rò ó dáadáa. Òkú ọ̀run kì í purọ́."

Òkú ọ̀run kì í purọ́! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀dàlẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Họ́kì orí yìnyín ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ń gbá jẹun. Magdalene ìyá wọn ló máa ń gbálẹ̀ pápá yìnyín kan ní kùtùkùtù nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Kò rẹ́ni bá a tọ́jú ọmọ, ló bá ń kó àwọn méjèèjì dání, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà abẹ sáré lórí omi dídì. Magdalene kọ́ ló bí Kóyọ̀dé o! Àlè ló bí i fún Bàbá Cornelius, bàbá wọn, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ. Magdalene gbé e, ó wẹ̀ ẹ́, ó pọ̀n ọ́n, kò sì fi ìyàtọ̀ kankan sáàárín òun àti ọmọ tó bí.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ tuntun kan fẹ́ wọ inú líìgì wọn láti òkè Scotland lọ́hùn-ún. Òfin ni pé ẹgbẹ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan lè dáàbò bo ìwọ̀nba eléré, kí ẹgbẹ́ tuntun wá mú ẹni tó bá wù ú nínú àwọn tó kù. Òfin mìíràn sì wà pé àpapọ̀ owó oṣù ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá ààlà. Owó oṣù Ọbanijésù wúwo, mánéjà ìbá sì fẹ́ kó lọ. Àmọ́ ó wà nínú àdéhùn rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè gbé e kúrò láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí náà, dandan ni kí wọ́n dáàbò bò ó. Àyè tó gbà yẹn ni Kóyọ̀dé ń wá lójú méjèèjì! Bí ẹ̀gbọ́n bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà láti lọ, àbúrò á dúró sí London. Bí kò bá fọwọ́ sí i, àbúrò ló wà ní gbangba fún ẹgbẹ́ tuntun láti mú.

Bàbá Cornelius ńkọ́? Rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọbanijésù ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ kó tó lọ sí ibi ìdánrawò. Sẹ̀gilọlá ti bá ilé àwọn arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní Catford, ó ní òun kò fẹ́ ọkọ kí òun máa nu itọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Obìnrin burúkú!

Wàyí o, bí ọjọ́ ìdíje bá pé, eléré họ́kì gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án. Ọbanijésù á fa kọ́tìnì, á fi aṣọ dúdú di ojú. Inú oorun ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò. Kò. Kò. Ilẹ̀kùn ṣí. Lọ́fínńdà tí Magdalene máa ń fi sára kó tó gbàdúrà gba gbogbo yàrá, ó sì rí etí aṣọ funfun lábẹ́ aṣọ tó fi dijú.

"Ọmọ mi," ohùn kan sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo tú ẹ sílẹ̀ nínú ìlérí yẹn. Fọwọ́ sí i. Máa lọ."

Kò jẹ́ ṣíjú. Ta ló fẹ́ wo òkú lójú? Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu rẹ̀. Bí omi bá ń kán láti inú ẹ̀rọ, orin ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́. Lórí yìnyín, àfi bíi pé ọwọ́ kan ń tì í láti ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìdíje wà, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni mánéjà ń retí ìwé. Sẹ̀gilọlá rí ọkọ rẹ̀ tó gòkè lọ sùn lọ́sàn-án. Kò rí i nígbà tó rọra sọ̀ kalẹ̀, tó wọ yàrá bàbá rẹ̀, ìwé àti bírò lọ́wọ́.

"Daddy, ẹ dárí jì mí," ló wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Mummy ní kí n máa lọ."

"Magdalene... wá?"

"Wọ́n wá, sà. Wọ́n wọ sùtánà wọn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò."

Arúgbó náà fajú ro. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Pẹ̀lú... bàtà?"

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Ọbanijésù. Ẹni tó bá mọ ìjọ aláṣọ funfun mọ̀ pé bí sùtánà bá ti kan ara, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀. Magdalene fi ẹsẹ̀ lásán rin ojú yìnyín láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Brockley. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí.

Àfi kò, kò, kò lórí àtẹ̀gùn!

Bàbá di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Ẹ̀rù ṣì ń ba Ọbanijésù o, irun orí rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kan tó wọ sùtánà funfun ń gòkè lọ, aṣọ funfun bò ó lójú, sílípáàsì onígìgìsẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òtútù ilẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè bọ́ ọ. Ẹlẹ́tàn gbàgbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀!

"Mummy?"

Aláṣọ funfun náà lọgun, aṣọ ojú rẹ̀ já bọ́. Sẹ̀gilọlá ni!

Kóyọ̀dé sáré jáde láti kíṣìnì. Bó ṣe rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ìyàwó wa, kí lẹ fi ara yín ṣe yìí? Aṣọ òkú! Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?"

"Kóyọ̀dé!" Ohùn Sẹ̀gilọlá gba gbogbo ilé. "Èmi lò ń pè ní ìyàwó wa? Ṣebí ìwọ lo jí sùtánà yìí nínú àpótí Mummy! Ìwọ lo kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo sọ! Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n ẹ lo ti bá mi pète ẹ̀, o ní tó bá ti lọ, àwa méjèèjì la máa ni ilé! Olójú-kò-tì!"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bàbá Cornelius ti fara ti ògiri rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó nawọ́ ọ̀tún sí sùtánà náà.

"Kóyọ̀dé. Ẹ̀yìn tí aṣọ yẹn bò... òun ló fi pọ̀n ẹ́."

Kóyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Brother, Èṣù ló lò mí! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ! Ẹ sign fún mi!"

Ọbanijésù kò gbá a létí. Ó ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́, ó yíjú sí aya rẹ̀. "Bọ́ aṣọ ìyá mi."

Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Nígbà tí orúkọ àwọn tí wọ́n dáàbò bò jáde, Kóyọ̀dé kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tuntun mú un. Sẹ̀gilọlá di ẹrù rẹ̀ láti bá a lọ, ó dúró ní Euston títí ọkọ̀ ojú irin fi lọ, Kóyọ̀dé kò gbé fóònù rẹ̀. Bó ṣe padà dé Peckham, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Kérésìmesì kò sì tíì dé tí àwọn ará Scotland fi ní owó oṣù Kóyọ̀dé pọ̀ ju eré rẹ̀ lọ, wọ́n já a sílẹ̀ sínú òjò dídì. Ó tọ́ sí i!

Ọbanijésù fọwọ́ ara rẹ̀ fọ sùtánà náà, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdíje mìíràn, ó fa kọ́tìnì, ó di ojú, ó dùbúlẹ̀. Ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, ó gbọ́ òórùn lọ́fínńdà náà. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti yọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń rọra gòkè, títí ó fi bò ó láyà. Kò ṣíjú.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"O gbọ́... ẹsẹ̀?"

"Rárá, Daddy. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín.

"Òun nìyẹn."